Orlando Martins: Àgbà Òṣèré tí Wọn Kò Fún Ní Ọ̀rọ̀ Sọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. N kò bá òwe náà jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti wí nípa ẹni tí kì í ṣe òun ni ó dákẹ́, tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ ni kò fún un ní ọ̀rọ̀ sọ? Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Orlando Martins, ọmọ bíbí ìlú Èkó, ẹni tí ó ti wà nínú sinimá òyìnbó kí a tó bí púpọ̀ nínú àwọn òbí wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ wa jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn wa ti ọdún yìí, nítorí pé mo ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ ọ́n rárá, àti pé àwọn díẹ̀ tí ó mọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀gàn ni wọ́n fi ń dá a.

Àjàó Estate ni mo ń gbé, ní apá ibi tí Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ti fẹnu kora. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa yóò mọ̀ pé pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí wa, kò sì sí ọjọ́ kan tí bàálù kì í fò kọjá lórí òrùlé wa. Bóyá ìyẹn ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ òkìkí bá délẹ̀, òkè ni àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́kọ́ ń wò. Láìpẹ́ yìí ni iyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan nítòsí Osolo Way: ta ni ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó di ìlúmọ̀ọ́ká nínú sinimá òyìnbó? Ẹnì kan ní John Boyega ni, nítorí Star Wars ti ọdún 2015. Èkejì ní irọ́ ni, pé David Oyelowo ti ṣe Martin Luther King nínú Selma ní ọdún 2014, ọdún kan ṣáájú. Bàbá àgbà kan tí ó ń dúró de abẹ́ wá là á mọ́ wọn lójú pé Orlando Martins ti ṣe tirẹ̀ parí kí a tó bí bàbá àwọn méjèèjì. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa eré orí-ìtàgé ní yunifásítì bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹrú òyìnbó ni Martins. Ọ̀kọ̀ ni ó ń bá wọn gbé kiri nínú igbó.”

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ fèsì sí. N kò ní sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀kọ̀ náà wà níbẹ̀, igbó náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fi ibẹ̀ parí ọ̀rọ̀ kò tíì wo ọkùnrin náà.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni a bí i ní Èkó. Orúkọ ìdílé rẹ̀ fi hàn pé ìran Àgùdà ni, àwọn tí ó ti Bùràsíìlì padà wá sílé. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta péré nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní Glover Hall, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó bá iṣẹ́ ojú omi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì fìdí kalẹ̀ sí. Iṣẹ́ tí ó bá rí ni ó ń ṣe níbẹ̀: ó ru ẹrù, ó kọrin, ó sì ja ẹkẹ lójú agbo. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é níbi ìjàkadì ni Black Butcher Johnson. Ẹ fi ọkàn yàwòrán rẹ̀: ọkùnrin fìrìgbọ̀n, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ bí ìlù gbẹ̀du, tí ojú rẹ̀ sì lè sọ ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ní nǹkan bí ọdún 1926 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nínú sinimá, nígbà tí sinimá fúnra rẹ̀ kò tíì lè sọ̀rọ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ń sọ òṣèré di ọ̀gá nínú sinimá. Nínú kíláàsì, àwa a máa pè é ní olú ẹ̀dá-ìtàn. Àwọn ọmọ àdúgbò wa kò mọ olú ẹ̀dá-ìtàn. Ákítọ̀ ni tiwọn, òfin kan ṣoṣo tí wọ́n sì mọ̀ nípa ákítọ̀ ni pé kì í kú. Mo fẹ́ràn òfin wọn yìí ju ti inú ìwé lọ. Ẹ wo Clark Gable, ẹ wo Gary Cooper, ẹ wo Humphrey Bogart, àwọn tí Hollywood fi ṣe ọba ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1960. Ẹni tí ó bá jẹ́ ákítọ̀ ni ìtàn ń tẹ̀ lé lẹ́yìn. Òun ni ó ń fẹ́ obìnrin, òun ni ó ń bínú, òun ni ó ń ronú pìwà dà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ni ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, èwo ni wọ́n jẹ́ fún adúláwọ̀ ní àkókò náà? Òfin tí àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá Amẹ́ríkà fi de ara wọn láti ọdún 1930 tilẹ̀ là á sílẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ láàrin funfun àti dúdú hàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi Orlando Martins léèrè pé kí ló dé tí kò di Clark Gable. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti láti inú, a kì í bi ẹni tí ó wà lóde pé kí ló dé tí kò wọlé.

Sinimá tí àwọn ẹlẹ́gàn fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ni Sanders of the River, tí ó jáde ní ọdún 1935. Ìtàn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan ni, tí ó ń darí àwọn ènìyàn wa ní ẹ̀bá odò bí ẹni ń da adìyẹ. Sinimá burúkú ni, n kò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn tí ó wà nínú rẹ̀? Paul Robeson, akọni adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe Bosambo, nígbà tí ó sì rí ohun tí wọ́n fi sinimá náà dà, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Jomo Kenyatta, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, wà láàrin èrò tí wọ́n háyà láti máa ṣe ará abúlé. Ẹni tí ó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Kẹ́ńyà nìyẹn. A ti dárí ji Robeson, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ti Kenyatta, ẹ̀rín ni a fi ń rín in. Èéṣe tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Èkó tí ó wà nínú sinimá kan náà ni a ó dá ẹ̀bi fún títí ayé? Èmi kò rí ìdáhùn kan ju pé a kì í ka ẹni tiwa sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ń bọ̀ wá sórí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1946 ni Men of Two Worlds jáde, èyí tí Thorold Dickinson darí. Nínú rẹ̀, ọmọ Tanganyika kan tí ó ti di olórin ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù padà sílé láti rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n ṣí kúrò níbi tí eṣinṣin oníkòkòrò ti ń pa wọ́n. Magole, oníṣègùn abúlé, ni ó dojú kọ ọ́, Martins ni ó sì ṣe Magole. Àwọn tí ó kọ ìtàn náà fẹ́ kí a kórìíra Magole ni, kí a rí i bí òkùnkùn tí ìmọ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀ wá lé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Martins ṣe dúró, bí ó ṣe ń wo ọmọdékùnrin tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Bàbá tí ó ti pẹ́ ní ìlú ni ẹ ó rí, tí ọmọ àná dé wá ń kọ́ ní ohun tí yóò ṣe. Èmi rò pé òṣèré náà mọ̀ ju òǹkọ̀wé lọ. Nínú àwọn tí a ń bá gbé, ta ni kò mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀?

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo wa wò, bí a kò tilẹ̀ wo òmíràn, ni The Hasty Heart, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1949 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Vincent Sherman láti Hollywood wá darí rẹ̀. Wọ́ọ̀dù kan ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun ní ilẹ̀ Bọ́mà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀. Ronald Reagan ni ó ṣe é. Ọmọ-ogun kan láti Basutoland, tí à ń pè ní Lèsótò lónìí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Blossom ni wọ́n ń pè é, Martins ni ó sì ṣe é. Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni à ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ni wọ́n bá gbé ọmọ Scotland kan wọ wọ́ọ̀dù náà, Lachie, tí Richard Todd ṣe. Àrùn kíndìnrín yóò pa á láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òun kò sì mọ̀. Wọ́n ti sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n fi í ṣe ọ̀rẹ́. Agídí ènìyàn ni, kò fẹ́ oore ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ó rọ̀. Ìgbà tí ó wá gbọ́ pé òun ń kú lọ, ó yíjú padà sí gbogbo wọn: ó ní àánú ni wọ́n ń ṣe òun, kì í ṣe ìfẹ́.

Kí ni ó wá yí i lọ́kàn padà? Blossom ni. Blossom ti sin ìlẹ̀kẹ̀ fún un láti fi ṣe ẹ̀bùn. Ọmọ Amẹ́ríkà náà ni ó wá là á yé Lachie pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ pé Lachie ń kú lọ. Nítorí náà, bí Blossom bá fún un ní ìlẹ̀kẹ̀, kò lè jẹ́ nítorí àánú. Ẹ ò rí i bí? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn funfun sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ni ìdájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nítorí kí adúláwọ̀ má baà sọ̀rọ̀ ni òǹkọ̀wé ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Blossom. N kò ní bá ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ jà. Síbẹ̀, òṣèré tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n ìbá ti bà á jẹ́, nítorí pé ojú rẹ̀ nìkan ni a ó fi mọ̀ pé òótọ́ ni ìfẹ́ náà. Wọ́n dárúkọ Richard Todd mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Oscar nítorí sinimá yìí. Reagan di ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, Orlando Martins sì ṣì wà láàyè nígbà náà. Mo máa ń rò ó bí yóò ti rí lára rẹ̀ tí ó bá rí fọ́tò ẹni tí wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù nínú gbogbo ìwé ìròyìn.

Ní ọdún 1949 yìí kan náà, ẹ jẹ́ kí a fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, kí a padà wá sí ilé. Ní oṣù Kọkànlá ni ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú mọ́kànlélógún ní Enúgù. Kò pẹ́ tí Hubert Ògúndé fi gbé Bread and Bullet jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ní ọdún 1950, ìjọba sì fòfin dè é ní apá kan Òkè Ọya. Láti ọdún 1944 ni Ògúndé ti ń ṣeré ní Glover Hall, gbọ̀ngàn kan náà tí mo mẹ́nu bà lókè. Òun ni ó ń kọ eré rẹ̀, òun ni ó ń darí rẹ̀, òun náà ni ákítọ̀ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀ dé ibi pé ìjọba ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ọmọ Yorùbá kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n jẹ́ kí ó pè, ọmọ Yorùbá kan wà ní Èkó tí wọ́n ní láti fi òfin pa lẹ́nu mọ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ yẹn bá ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà yìí ni, ǹ bá gbà fún un dé ìdajì.

Ìdajì ni mo sọ. Nítorí pé a kò lè jókòó lónìí kí a wo Bread and Bullet bí Ògúndé ṣe ṣe é ní ọdún 1950. Ìwé ni ó ń ròyìn rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n Blossom wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè rí i ní alẹ́ òní. Èwo ni ó sàn: kí ènìyàn sọ̀rọ̀ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ, tàbí kí ó dákẹ́ kí ojú rẹ̀ wà títí? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n lè fi Martins rẹ́rìn-ín. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tí gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ní kámẹ́rà kò ní ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kò ní kámẹ́rà.

Martins tún ṣe púpọ̀ sí i lẹ́yìn náà: Where No Vultures Fly ní 1951, Simba ní 1955, Tarzan and the Lost Safari ní 1957, àti The Nun's Story ní 1959, níbi tí òun àti Audrey Hepburn ti jọ ṣeré. Olóyè, ìránṣẹ́, arúgbó abúlé ni púpọ̀ nínú wọn, n kò ní fi wọ́n dá yín dúró. Ọdún 1959 ni ó padà wá gbé ní Èkó. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ọdún náà kan náà ni tẹlifíṣàn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ènìyàn á rò pé ọ̀nà ti là fún un nìyẹn. Sinimá wo ni a wá ní tí a ó fi sọ ọ́ di olú ẹ̀dá-ìtàn? Kò sí. Àwọn òyìnbó tún ránṣẹ́ pè é, ó tún ṣe olóyè fún wọn nínú Mister Moses ní 1965, tí Robert Mitchum jẹ́ ákítọ̀ inú rẹ̀. Ìgbà tí àwa fúnra wa fi máa ṣe Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká ní sinimá, ní ọdún 1970, ó ti di ẹni àádọ́rin ọdún. Dókítà Gbenga ni ó ṣe nínú rẹ̀, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi. Ẹ tún kíyè sí i pé ará Amẹ́ríkà, Ossie Davis, ni a pè wá darí rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń dá ẹ̀bi fún Hollywood pé kò fún ọkùnrin yìí ní ipò tí ó tọ́ sí i, kí a rántí pé ilé náà kò fún un.

Ọdún 1976 ni kámẹ́rà àti ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan náà fún wa, nígbà tí Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, sinimá gbọọrọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ni ákítọ̀ rẹ̀. Ìjà Òmìnira tẹ̀ lé e ní 1979, láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, ìwé tí púpọ̀ nínú wa kà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1980 ni Adé Love darí Kádàrá fúnra rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin yìí nínú sinimá rẹ̀: ó ń fẹ́ obìnrin, ó ń jà, ó ń sunkún, gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá tí kò lábùlà. Ohun tí Hollywood fún Gary Cooper lọ́fẹ̀ẹ́, owó ara rẹ̀ ni Adé Love fi rà á. Òun ni ó ń wá owó, òun náà ni ó ń gbé sinimá kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ta aṣọ funfun sí ara ògiri gbọ̀ngàn. Ó kú ní ọdún 1996. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di òní, Kúnlé Afọláyan sì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ewu tí ó gbé eré Ògúndé lọ ni ó tún ń lépa sinimá Adé Love. Fíìmù ayé ìgbà náà kì í fẹ́ ooru, kì í fẹ́ ọ̀rinrin, bí a bá sì tọ́jú rẹ̀ sí ilé tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, kíkan ni yóò kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí Ronald Reagan àti Blossom kò ní ṣe wàhálà. Kí ó wá gbìyànjú láti rí Kádàrá lódindi, kí àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ wa. Ní ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́, a máa ń ṣe ìdíje ewì àti ti ayò ọlọ́pọ́n, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi alẹ́ méjì kún un ní ọdún tí ń bọ̀. Ní alẹ́ kìíní, kí a wo The Hasty Heart, kí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa tí ń kọ́ni ní eré-oníṣe sì bá wa sọ̀rọ̀ lórí Blossom. Ní alẹ́ kejì, kí a wo Ìjà Òmìnira. Kí akọ̀wé wa tètè kọ lẹ́tà láti wá ẹ̀dà rẹ̀ tí ó ṣe é wò, nítorí pé ìyẹn ni yóò pẹ́ lọ́wọ́ jù. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ni Orlando Martins kú ní Èkó; bí àwọn ìgbìmọ̀ bá lè fi alẹ́ kìíní sí ọjọ́ náà, inú mi yóò dùn sí i.